Ilé-ẹ̀kọ́ girama ìlú wa kò ní tíṣà fisíìsì: ṣé ká fi owó ìlú kọ́ gbọ̀ngán ni, àbí ká fi gba tíṣà?

Akọ̀wéÌlú
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé iwájú yín, mo sì bẹ̀ yín kí ẹni tó bá mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ dá sí i, pàápàá ẹ̀yin tíṣà.

Ìlú kékeré ni ìlú wa, ní Òkè-Ògùn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ṣoṣo ni ìjọba ní níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba UPN, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, kéde ẹ̀kọ́ girama ọ̀fẹ́ lọ́dún 1979, àwọn bàbá wa kò dúró de kọngílá. Àwọn ọkùnrin bu iyẹ̀pẹ̀, àwọn obìnrin pọn omi, wọ́n sì gbé kíláàsì àkọ́kọ́ dúró. Títí di òní, búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ọwọ́ mọ ṣì wà lára ògiri ibẹ̀.

Bó ṣe wá rí báyìí rèé. JSS kún fọ́fọ́, ṣùgbọ́n tó bá ti di SS, àwọn ọmọ á fọ́n ká. Àwọn kan á lọ kọ́ṣẹ́, àwọn kan á bá ìbátan wọn lọ sí Ìbàdàn. Tíṣà fisíìsì wa fẹ̀yìntì, a ò rí ẹni rọ́pò rẹ̀. Tíṣà máàsì ẹyọ kan ló ń kọ́ wọn láti JSS1 dé SS3. Tíṣà bàọ́lọ́jì ló ń fi kẹ́mísìrì kún tirẹ̀. Lẹ́tà tí a kọ kò tíì mú nǹkan kan jáde.

Nígbà Iléyá tó kọjá, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kó ₦4,200,000 jọ. Wọ́n ti fẹnu kò pé gbọ̀ngán àpéjọ àti géètì ńlá la ó fi kọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Èmi àti àwọn mélòó kan ní rárá, ẹ jẹ́ ká fi sanwó tíṣà. Àwọn àgbà ní owó oṣù kò ṣeé rí lójú, wọ́n ní gbọ̀ngán ni wọ́n lè kọ orúkọ ẹni tó dáwó sí lára. Ìròyìn sì tún ń jà pé wọ́n lè da SS wa pọ̀ mọ́ ti ìlú kan tó fi kìlómítà 14 jìnnà sí wa, torí pé ọmọ kò pọ̀ mọ́.

Kí lẹ rí sí i?

BàbáPírínsípà
Akọ̀wé, o kú akitiyan. Mo ṣe pírínsípà ní ìgbèríko kí n tó fẹ̀yìntì, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí mi.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí àwọn àgbà ìlú mọ̀ ni ìdí tí JSS fi ń rí ilé tuntun tí SS kì í rí. Òfin UBE, ìyẹn ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti ọdún 2004 wà fún ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, láti pírámárì dé JSS3. Owó UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ yìí, tí ẹ máa ń rí orúkọ rẹ̀ lára kíláàsì tuntun kò dé SS. Ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni SS wà pátápátá. Nítorí náà, ẹni tó bá ń dúró de owó Abùjá fún SS, yóò dúró pẹ́.

Èkejì: ẹ má kọ́ gbọ̀ngán. Ẹ má sì fi owó náà sanwó oṣù. Ilé tíṣà ni kẹ́ ẹ kọ́. Tíṣà tí kò bá sùn nílùú, tíṣà ọjọ́ mẹ́ta ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa dé, Ọjọ́bọ̀ ló máa lọ. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn tí wọ́n tún ṣe, kìlómítà 65, ó dára fún ọjà àti irè oko, ṣùgbọ́n òun náà ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ tíṣà fi ìyàwó àti ọmọ sí Ìbàdàn, kí wọ́n máa lọ máa bọ̀. Ẹ kọ́ yàrá méjì-méjì sí ọ̀nà méjì, kí ilé ìwẹ̀ àti ṣáláńgá wà nínú, kí kànga wà nítòsí. Tí ẹ bá wá tọ ìjọba lọ pé ẹ fẹ́ tíṣà fisíìsì, ẹ ti ní ohun tí ẹ máa tọ́ka sí.

Tí ìlú bá sì ti ń sanwó tíṣà fúnra rẹ̀, àwọn tó wà lókè á gbà pé wàhálà ti tán. Àyè tó ṣófo kò ní dà bí àyè tó ṣófo mọ́.

ÌyáOnílá
Géètì ńlá? Kí géètì náà kọ́ wọn ní fisíìsì?

Ọmọ mi obìnrin wà ní SS2 ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe. Mo ń san owó ọ̀kadà lọ àti bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé kó lè lọ gba lẹ́sìnnì fisíìsì nílùú kejì. Ilá tí mò ń tà ló ń san án. Tí òjò bá rọ̀, kò lè lọ. Tí mo bá rí tíṣà kan nítòsí, ẹ̀yin àgbà, màá fi orí ìkúnlẹ̀ dúpẹ́. Ẹ gba tíṣà.

FisíìsìLóko
Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n màá ta kò yín níbì kan.

Tíṣà fisíìsì ni mí, abúlé ni wọ́n pín mi sí. Ilé tíṣà wà ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Àwọn ará ìlú ló kọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó ń gbé e nísinsìnyí bí kò ṣe ewúrẹ́. Kànga rẹ̀ a máa gbẹ láti oṣù January títí òjò á fi dé, ìjì ṣí òrùlé ẹ̀yìn, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó yẹ kó tún un ṣe: ìlú ní ti ìjọba ni, ìjọba ní ti ìlú ni. Tí ẹ bá máa kọ́lé, ẹ yọ owó àtúnṣe sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí yóò máa bójú tó o sílẹ̀. Ẹ gbẹ́ kànga náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí tí wọ́n bá gbẹ́ nígbà òjò, omi òkè ni wọ́n rí.

Ẹ̀yin tó ń rò pé owó tíṣà ìgbèríko wà, ẹ fetí sílẹ̀. Lọ́jọ́ tíṣà àgbáyé, October 5, 2020, Ààrẹ Buhari kéde pé àfikún owó yóò wà fún tíṣà tó bá ń ṣiṣẹ́ ní ìgbèríko àti fún tíṣà sáyẹ́ǹsì. Ìkéde nìyẹn. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń sanwó tíṣà tirẹ̀, nítorí náà kí ìlú má fi ìyẹn ṣe ìṣirò.

Ohun tó ń mú tíṣà sá ju ilé lọ ni àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Níbo ni ìyàwó mi yóò ti ríṣẹ́? Níbo ni ọmọ mi yóò ti kàwé, nígbà tí èmi fúnra mi mọ̀ pé kò sí tíṣà máàsì níbẹ̀? Ìlú tó dá mi dúró fún ìgbà pípẹ́ jù lọ ni èyí tí ọba ti fún mi nílẹ̀ oko, tí ìyá kan sì fún ìyàwó mi ní ìsọ̀ lọ́jà láìgba owó. Kò ná wọn tó mílíọ̀nù kan.

Kọ́pàTẹ́lẹ̀
Ẹ̀yin àgbà, kí ló dé tí ẹ kò mẹ́nu ba kọ́pà? Gbogbo ìgbà ni NYSC ń wá ilé-ẹ̀kọ́ ìgbèríko tí wọ́n máa rán wa lọ. Ẹ̀kọ́ wà lára ẹ̀ka mẹ́rin tí wọ́n ń fún láyè jù, pẹ̀lú ìlera, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ọ̀nà àti ilé. Ìjọba àpapọ̀ ló ń san ₦77,000 fún kọ́pà lóṣù báyìí, ìlú kò ní san nǹkan kan àfi ilé. Ẹ sì wà ní Òkè-Ògùn! Ìṣẹ́yìn ni àgọ́ kọ́pà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà. Ẹ tètè mú lẹ́tà lọ bá ẹni tó ń bójú tó kọ́pà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín kí àgọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó kàwé fisíìsì tàbí ẹnjiníà lẹ fẹ́. Lọ́jọ́ tí àgọ́ bá parí, ẹ gbé bọ́ọ̀sì lọ kó wọn. Ẹ má jẹ́ kí kọ́pà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ilé yín kiri. Ibi tí wọ́n ti gbé mọ́tò wá pàdé mi, tí wọ́n se iyán dè mí, mi ò rántí pé mo fẹ́ gba lẹ́tà ìyípadà mọ́.

FisíìsìLóko
Àbá tó dáa ni, àbúrò, ṣùgbọ́n kọ́pà nìkan kò tó. Ọdún kan ni. Ọmọ tó wà ní SS1 lónìí yóò rí kọ́pà mẹ́ta kó tó ṣe WAEC, tí wọ́n bá ń wá léraléra, àlàfo á sì wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Wọ́n tún máa ń mú ẹni tó kàwé jọ́gíráfì, kí wọ́n ní kó máa kọ́ fisíìsì. Ẹ gbà wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹnì kan wà tí kò ní lọ.

ỌmọLanasẹ̀
Ẹ má bínú sí mi o. Ṣé kò ní rọrùn kí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ fún WAEC níbi tí àwọn ọmọ ti ń gba krẹ́díìtì dáadáa? Ẹ mọ irú ibi tí mò ń wí. Gbogbo ìlú ló ń ṣe é.

ÌyáOnílá
Gbogbo ìlú kọ́. Ọmọ tèmi kò ní ṣe é.

LáàbùÒòjọ́
ỌmọLanasẹ̀, gbọ́ mi, àbúrò. Mo ti ṣiṣẹ́ ní láàbù ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba pẹ́. WAEC lè fagi lé èsì gbogbo ọmọ tó ṣe ìdánwò níbi tí màgòmágó bá ti wáyé, wọ́n sì lè gba àṣẹ ìdánwò lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ tó bá fi krẹ́díìtì ọjà wọlé nọ́ọ̀sì, oògùn ni yóò wá máa wọ̀n fún ènìyàn o. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Akọ̀wé, n kò tíì rí ẹni tó béèrè nípa láàbù. Tíṣà wà tàbí kò sí, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ ọwọ́ (practical) nínú fisíìsì WAEC. Ìwé kẹta ni. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n ń gbé síwájú ọmọ, méjì ni yóò ṣe, láàárín wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 45, fún máàkì 50. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan nǹkan wọ̀nyí lọ́jọ́ ìdánwò, ẹ̀rù ló máa bà á, kò ní rántí ohun tó mọ̀.

Ohun tó sì ń múnú mi dùn ni pé nǹkan wọ̀nyí kò wọ́n tó bí wọ́n ṣe rò. Ẹ wo èyí tó máa ń jáde léraléra: wọ́n á so nǹkan wúwo kékeré mọ́ okùn, wọ́n á jẹ́ kó máa fì síwá-sẹ́yìn. Nọ́ọ̀tì irin láti ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì ọ̀kadà tó fún un láti fi kọ́ ọwọ́. Òwú aláṣọ tó fún okùn. Fóònù ní stopwatch nínú. Ọmọ yóò wọn gígùn okùn, yóò fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, yóò jọ̀wọ́ rẹ̀, yóò ka ìlọ-bọ̀ 20, yóò kọ àkókò sílẹ̀, yóò dín okùn kù, yóò tún un ṣe. Níbi tí àwọn ọmọ ti ń pàdánù máàkì rèé: bí wọ́n bá ti jọ̀wọ́ rẹ̀, wọ́n á ní "ọ̀kan!" Òdo ló yẹ kí wọ́n pè. Tí wọ́n bá pe ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀, 19 ni wọ́n kà, gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú tábìlì á sì yẹ̀. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n pariwo òdo pọ̀ títí á fi wọ̀ wọ́n lára.

Ti ìmọ́lẹ̀ náà bẹ́ẹ̀ ni. Àfọ́kù páálí àjà ilé tó rọ̀ ni wọ́n lè gún píìnì mọ́. Gíláàsì onígun ni ẹ máa rà, ti iná mànàmáná náà sì ní ohun tí ẹ máa rà: wáyà, àwọn resistor, mítà àti òṣùwọ̀n onímítà kan tí wọ́n na wáyà lé. Ẹ yọ nǹkan díẹ̀ nínú ₦4,200,000 yẹn fún èyí, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ó ní kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́. Kí kọ́kọ́rọ́ má sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

AráHouston
Ẹ kú àárọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ wa níbí fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìlú tiwa. Wọ́n pẹ́ nínú páálí torí iná kò dé ibẹ̀, ìgbà tí a wá so sólà mọ́ ọn ni wọ́n tó ṣí wọn. Ní báyìí, tíṣà kan láti Ìbàdàn ń kọ́ SS3 ní máàsì lórí fídíò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ lè gbìyànjú rẹ̀. Ẹ má kàn ra kọ̀ǹpútà láìra bátìrì.

FisíìsìLóko
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun fún ẹ̀bùn yẹn. Ṣùgbọ́n fídíò kò lè rí ọmọ tó pe ọ̀kan dípò òdo. Fún SS3 tó ti mọ ìpìlẹ̀, ó wúlò. Fún SS1, ènìyàn ni kẹ́ ẹ wá.

Ìjẹ̀ṣàObìnrin
Nípa ìdàpọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa ní Ọ̀ṣun. Nígbà tí Arẹ́gbẹ́ṣọlá jẹ́ gómìnà, wọ́n tún ilé-ẹ̀kọ́ pín, wọ́n da àwọn kan pọ̀, wọ́n kọ́ ilé ńláńlá. Ilé náà rẹwà, n kò ní purọ́. Lọ́dún 2020, ìjọba Oyètọ́lá yí ètò náà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo fi ojú mi rí nígbà ìdàpọ̀ ni pé àwọn ọmọbìnrin ló kọ́kọ́ dẹ́kun wíwá nígbà tí ọ̀nà jìn. Òbí á jẹ́ kí ọkùnrin gun ọ̀kadà, wọn kò ní jẹ́ kí obìnrin gùn ún láàárọ̀ kùtùkùtù. Kìlómítà 14? Ẹ má gbà.

ỌmọÈkìtì
Ará mi, mi ò fara mọ́ ọn pátápátá. SS tó bá ní ọmọ mẹ́jọ nínú kíláàsì sáyẹ́ǹsì, ta ni yóò fún un ní tíṣà fisíìsì, kẹ́mísìrì, bàọ́lọ́jì àti máàsì? Tí ìdàpọ̀ bá bá bọ́ọ̀sì rìn, tí ibi tí àwọn ọmọ máa sùn sì wà, ó lè ṣe wọ́n lóore. Èyí tí kò ní bọ́ọ̀sì ló ń ba ọmọ jẹ́.

Lọ́dọ̀ wa ní Èkìtì, ètò AGILE tí Báńkì Àgbáyé ń gbé owó sí, torí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin, ti dé ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba. Wọ́n fún ilé-ẹ̀kọ́ lówó àtúnṣe: ìlẹ̀kùn, fèrèsé, ilé ìgbẹ́ ọmọbìnrin tó ní omi. Ọ̀yọ́ kò sí nínú ìpínlẹ̀ méje tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣì lè wo bí wọ́n ṣe ṣe é: ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kọ ohun tó nílò sílẹ̀, owó wọ àkáǹtì ilé-ẹ̀kọ́, àwọn òbí sì rí rìsíìtì.

Akọ̀wéÌlú
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará, Ọlọ́run á san yín lóore. Mo tẹ ọ̀rọ̀ yín jáde, mo kà á fún wọn nípàdé. Wọ́n ti gbé géètì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbọ̀ngán ṣì ní alátìlẹ́yìn, ṣùgbọ́n ohùn wọn ti rọ̀. Ìyálọ́jà dìde, ó ní tí ó bá jẹ́ orúkọ lára ògiri ni wọ́n ń fẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ sára ilé tíṣà. Gbogbo ilé rọ́ pàtẹ́wọ́.

Ó ku ìbéèrè méjì. Èló ni ká san fún tíṣà tí a bá gbà fúnra wa? Àwọn kan ní ₦30,000. Àti pé kí la máa kọ sínú lẹ́tà tí yóò fi yàtọ̀ sí èyí tí a ti kọ?

FisíìsìLóko
₦30,000 kò bọ́ ẹnikẹ́ni. Owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè ni ₦70,000 láti ọdún 2024, ẹ sì fẹ́ ẹni tó gboyè fisíìsì. Tí ẹ kò bá lè san ₦70,000, ẹ gba ẹni tí yóò máa wá fún ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí ẹ san owó ọjọ́ méjì tó nítumọ̀. Kí ẹ pa owó ọdún kan gbáko sọ́tọ̀ kí ẹ tó gba ẹnikẹ́ni. Tíṣà tí wọ́n jẹ ní gbèsè á lọ láàárín tááàmù, ìyẹn sì burú fún ọmọ ju kó má wá rárá.

BàbáPírínsípà
Mo gbọ́ ohun tí FisíìsìLóko sọ nípa kànga, òótọ́ ni. Lórí tíṣà tí ìlú máa gbà, ẹ̀rù mi kò tíì lọ, àmọ́ tí ẹ bá máa ṣe é, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà gbangba pé ẹni fún ìgbà díẹ̀ ni, títí ìjọba yóò fi rán tirẹ̀ wá.

Lẹ́tà: ẹ má kọ "a kò ní tíṣà." Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ló ń kọ ìyẹn. Kí pírínsípà ṣe tábìlì: iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, iye pírọ́ọ̀dù lọ́sẹ̀, tíṣà tó wà, ọdún tí yóò fẹ̀yìntì, àyè tó ṣófo. Kí iye ọmọ kíláàsì kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Ẹ so fọ́tò ilé tíṣà mọ́ ọn nígbà tí òrùlé bá ti wọ̀ ọ́. Kí ọba, alága àwọn òbí àti pírínsípà fọwọ́ sí i. Ẹ kọ́kọ́ mú un lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní ẹkùn yín, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín, kó tó lọ sí Ìbàdàn. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, wọ́n lè ní àwọn kò rí i. Ẹ má sì lọ láìmú pírínsípà dání. Tí ìlú bá fo orí rẹ̀ dá, òun ni wọ́n máa bi léèrè, kò sì ní bá yín ṣe é mọ́ látọkàn wá.

Ẹ lọ ní oṣù July, kí wọ́n tó ṣètò ìpínsíṣẹ́ tááàmù kìíní. Tí ẹ bá dé ní October, wọ́n ti pín wọn tán.

Kọ́pàTẹ́lẹ̀
Kí ẹ sì kọ lẹ́tà kọ́pà lọ́tọ̀, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ti bàbá. Ọ́fíìsì méjì ni. Kọ nọ́ńbà fóònù ẹni tó máa gbé bọ́ọ̀sì wá sí i.

ÌyáOnílá
Akọ̀wé, nígbà tí tíṣà bá dé, ẹ má fi lẹ́sìnnì sí ọjọ́ ọjà. Àwọn ọmọbìnrin ló ń bá wa gbé ẹrù, wọn ò ní lè wá. Kí ẹ sì bi wọ́n fúnra wọn ní aago tó bá wọn lára mu kí ẹ tó lẹ tábìlì àkókò lẹ́sìnnì mọ́ ògiri.

LáàbùÒòjọ́
Tí ẹ bá fẹ́ ra gíláàsì onígun àti mítà, ẹ pè mí kí ẹ tó fún oníṣòwò lówó. Àwọn kan ń ta mítà tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í padà sí òdo. Ẹ dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò níwájú rẹ̀ pẹ̀lú bátìrì tọ́ọ̀ṣì, èyí tí kò bá padà, ẹ dá a padà fún un lójú ẹsẹ̀.